Imú Ọkọ̀ Tí Àgbò Kàn Fọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kì í dá ọkọ̀ mọ̀ láti òkèèrè. Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbà náà lójú, ó nímú, èyí kò sì jọ ìyẹn. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, ní ọ̀kan. Dúdú ni. Iná iwájú rẹ̀ rí róbótó bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, irin tó ń dán gbinrin ni wọ́n sì fi dè é nímú.

Lọ́jọ́ kan, a wà nílé ìyá tó bí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin nígbà tí ìrọbí mú ìyá mi. Oyún náà kò tí ì tó oṣù, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tó wá kí wa, gbé e sínú ọkọ̀, ìyá àgbà wọlé tì í, wọ́n sì fa èmi náà wọlé nítorí pé mi ò dákẹ́ ẹkún. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì forí sọ kùkùté igi, gbàù! Irin iwájú wọ́, ó fún mọ́ táyà, táyà ò lè yí mọ́. Ìyá mi ń kérora lẹ́yìn. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Àbúrò bàbá mi bọ́ sílẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ bá mi dì í mú níbí." Àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, wọ́n fà, wọ́n fà, títí irin náà fi kúrò lára táyà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé ìwòsàn. Ìyá mi yè. Àbúrò mi obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Alágbẹ̀dẹ fi òòlù tún irin náà ṣe, a sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá gbọ́ ti èṣí. Ọmọbìnrin mi gbé ọkọ̀ tuntun wá hàn mí. Mo yí i po, ọkàn mi ò gbà á. Iná iwájú rẹ̀ tínrín, ó fajú ro bí ẹni tó ń wá ìjà, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Mo bi í pé, "Ta ló ṣẹ ọkọ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín.

A ò tíì jẹun tán tí àgbò Iléyá aládùúgbò wa fi já okùn. Ó rí àgbò mìíràn nínú ara ọkọ̀ tó ń dán, ó sì kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Imú ọkọ̀ là bí igbá, iná rẹ̀ kan já, ó ń rọ̀ dirodiro. Ike ni! Ike bíi ti garawa ìwẹ̀!

Aládùúgbò sáré wá. "Àsítágàfúrúlà! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Mo ní àgbò kò jẹ̀bi, ẹni tó fi ike ṣe imú ọkọ̀ ló jẹ̀bi. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, mo ní kó tún un ṣe. Ó mirí. "Bàbá, a kì í tún èyí ṣe o. A máa jù ú nù ni, ká wá òmíràn." Nǹkan náà rí mi lára.

Ọmọ mi jókòó tì mí. "Bàbá mi, ìdí wà ńbẹ̀. Wọ́n tẹ ara rẹ̀ báyìí kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá, kó má baà máa mu epo jù. Ike yẹn náà, tó bá gbá èèyàn, òun ló máa fọ́, kì í ṣe egungun onítọ̀hún. Ohun kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń lé, ìyẹn ni ọkọ̀ ìsinsìnyí fi jọra."

Mo gbà fún un. Ká ní èèyàn ni irin wa gbá lọ́nà Imùṣin lọ́jọ́sí, n kì bá tí lẹ́nu láti yìn ín báyìí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé afẹ́fẹ́ ló ní kí ọkọ̀ máa fajú ro? Ṣé nítorí egungun wa ni wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí òòlù ò lè tún ṣe? Ayé ti yí. Tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá wọ́, a ó tún un ṣe, a ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Lónìí, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú ilé mi jọra bí ọṣẹ inú páálí, ojú gbogbo wọn le koko. Mo máa ń jókòó síta lálaalẹ́ kí n lè wo èrò ọ̀nà. Mo ti yí àga mi padà. Ògiri ni mò ń wò báyìí.