Bùbá Tí Mo Kọ̀ Láti Kú Sínú Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo fi jẹ́ olólùfẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó pé oṣù méjì, irọ́ ló ń pa, kódà kó jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ti opó kan tó ní ilé ńlá ní Apapa, tí àwọn ọkùnrin ń wá fẹ́, tí wọn kì í sì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni ẹnì kẹta. Ẹni tó ṣáájú mi bá àbúrò opó náà lọ. Ẹni tó tẹ̀lé mi, pásítọ̀ ni.

Kí n tó di olólùfẹ́, kireeni ni mo ń wà ní wọ́ọ̀fù. Mo fi kireeni gbé mọ́tò kan sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan sùn sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìlú Jámánì wá, kò sì jí títí mo fi gbé e kalẹ̀ bí ẹyin. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣojú wọn ti kú tán, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn. Ìwé karùn-ún ni mo kà dé. Ìyókù, ara àpótí ẹrù ni mo ti kà á. Lẹ́tà tó bá tóbi tó orí ọmọ tuntun, mo lè kà á láti òkèèrè. Èyí tó bá kéré sí i, ẹ bá mi kà á.

Olodi-Apapa ni mò ń gbé, ní yàrá kan àti pálọ̀. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ara wọn. Ní ọ̀kánkán ilé mi, lójú ọ̀nà tó já sí Ajégúnlẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà. Màmá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, kò dúró.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, ẹ̀gbọ́n."

A ti ń wò ó fún ọdún kan gbáko nígbà tí eré dé.

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí n sọ nípa Màmá Télọ̀. Ọkọ méjì ló ti sin. Ó rán bùbá fún ti àkọ́kọ́ fún ọdún Kérésì, inú bùbá náà ni ọkùnrin náà dákẹ́ sí kí ọdún tuntun tó wọlé. Ó rán bùbá fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì nígbà tó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin náà kò délé kó tó ṣubú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sọ ọ́, àwọn náà ni wọ́n sì ń gbé aṣọ wá fún un lọ́jọ́ kejì, torí kò sí ẹni tó mọ ọrùn aṣọ gé bí tirẹ̀. Láti ìgbà náà, aṣọ obìnrin nìkan ló ń rán.

Bí mo ṣe bọ́ sínú eré nìyí. Mo lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Apapa, mò ń sọ fún wọn bí ọ̀nì kan ṣe gba bàtà mi létí omi ní Snake Island, tó sì gbé e padà wá nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Ọkùnrin kan tó di irun lórí bí obìnrin dúró, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe eré?"

Mo ní, "Kí ni mò ń ṣe láti àárọ̀?"

Òun ni olùdarí. Ó ní ojú mi bá ipa olólùfẹ́ opó kan mu, pé ẹni tí wọ́n mú tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Àwọn eléré kéékèèké bíi tèmi, aṣọ ara wa là ń gbé wá. Ó ní kí n wá aṣọ funfun kan tó dáa, kí n má sì pààrọ̀ rẹ̀, torí ọjọ́ tí mo máa lò nínú ìtàn náà kò pọ̀. Mo ra gíní funfun, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá Télọ̀.

"N kì í rán aṣọ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì mọ̀."

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Bàbá inú eré ni."

"Ọwọ́ ta ló máa bọ inú apá ẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ló ni ìyókù."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó fa téèpù kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ dìde. Ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ ò tíì dé iwájú kámẹ́rà."

Ó wọ̀n mí, ó ń kọ ọ́ sára páálí. Bí ó ṣe débi àyà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. N kò bi í léèrè.

Ìwé eré dé, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí eèrùn. Mo gbé e lọ bá Màmá Télọ̀ kan náà. Ó gbé jígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń ka ti opó, ó ń ka tèmi, èmi á tún tèmi sọ tẹ̀lé e títí tó fi máa dúró sí mi lórí. Bí ẹni ń ka orúkọ aṣọ tó wà nílẹ̀ ló ṣe ń kà á.

"'Láti ọjọ́ tí mo ti rí ẹ, oúnjẹ mi kò ní iyọ̀ mọ́.' Ẹ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́.

"Ta ló kọ eléyìí? Ṣé opó yẹn ló ń jí iyọ̀ bàbá náà ni?"

"Ìfẹ́ ni wọ́n ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé ẹ̀ ń ké sí awakọ̀ trélà."

Mo tún un sọ, jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ dúró, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní òwú ló já. N kò rí òwú kankan tó já.

Wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní Wẹ́sídeè kan. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti wò ó, èmi àti òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin tó wá gba aṣọ. Nígbà tí mo débi ọ̀rọ̀ iyọ̀, àwọn obìnrin náà pariwo. Màmá Télọ̀ ní apá òsì bùbá náà gùn díẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, n kò lè kọjá ní Ajégúnlẹ̀ kí wọ́n má pè mí ní Baba Lọ́fà. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi gan-an ń pè mí láti àárín omi. Wọ́n ní ọkọ̀ òkun kan fọn fèrè fún mi. Èmi ni mo ní wọ́n ní.

Ìwé ti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wàhálà. Màmá Télọ̀ ń kà á fún mi, ó débi kan. Ó kà á lójú nìkan, ó ká ìwé náà sí méjì.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ máa di àyà mú lórí àtẹ̀gùn, ẹ máa ṣubú. Ẹ máa kú."

"Ó dáa. Gbólóhùn mélòó ni mo máa sọ kó tó dìgbà yẹn?"

"Aṣọ wo lẹ máa wọ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. "Ọ̀kan ṣoṣo náà ni, Màmá. Eré ni."

"Àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe eré. Mo mọ ìyàtọ̀ ẹ̀." Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá kú sínú bùbá tí mo rán, lójú gbogbo ayé, ẹ má padà wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ mọ èyí tó jẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti lo ọdún kan lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pa mí, mo tètè dé ilé tí wọ́n ti ń ya eré náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ. Ọmọbìnrin kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa yà wá ní fọ́tò, kí ohun tí a wọ̀ wọlé má yàtọ̀ sí èyí tí a wọ̀ nínú yàrá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọ funfun wọ ẹnu ọ̀nà, ẹ ò lè wọ àǹkárá kú lórí àtẹ̀gùn." Mo ní kí n bọ́ bùbá, kí n kú nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Olùdarí ní àwọn ọmọdé ń wo eré yìí.

Wọ́n ní kí n ṣubú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo jókòó. Ní ìgbà kejì, mo dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi opó náà bóyá ó ti jẹun. Ní ìgbà kẹta, mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo lọ ń wo ọkọ̀ òkun láti ojú fèrèsé. Olùdarí gùn ún wá bá mi.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Mi ò fẹ́ kú."

"Kò sẹ́ni tó fẹ́, bàbá. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ ti dé."

Òótọ́ ni. Pásítọ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń dúró kí n kúrò nínú ilé.

Mo ní, "Ṣé ikú nìkan ni wọ́n fi ń kúrò nílé obìnrin ni? Ẹ jẹ́ kí n rìnrìn àjò. Ọkọ̀ òkun kún etí omi yìí."

Ó wo aago rẹ̀. Ó rò ó. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí wá, mo sì gbé tèmi wá láti ilé, àpótí onígi tí mo ti ní láti ìgbà wọ́ọ̀fù, tí wọ́n kọ lẹ́tà ńláńlá sí lára. Wọ́n yà mí bí mo ṣe ń gbé e lọ sápá ibi tí ọkọ̀ òkun wà. Olùdarí ní kí n má wẹ̀yìn. N kò wẹ̀yìn. Mo gba ọ̀dọ̀ Màmá Télọ̀ kọjá nígbà tí mò ń bọ̀, mo sọ fún un pé n kò kú.

Ó fi eyín já òwú. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Lọ́jọ́ náà ló fún mi ní omi tútù mu fún ìgbà àkọ́kọ́ tí n kò béèrè.

Wẹ́sídeè dé. Opó jí láàárọ̀, ó ń pe bàbá, bàbá kò sí. Ó sáré jáde, ó rí ẹ̀yìn mi àti àpótí mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù pòṣé. Rìmóòtù wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n Màmá Télọ̀ dìde, ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ ò dágbére fún un."

"Wọn ò kọ ìdágbére síbẹ̀."

"Ẹ ò sì wẹ̀yìn."

"Olùdarí ló ní…"

"Mo ti sin ọkùnrin méjì, ẹ̀gbọ́n. Kò sí èyí tó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn kúrò lọ́dọ̀ mi nínú wọn."

Ó ní kí wọ́n bá òun ti ilẹ̀kùn. Èmi wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ òde.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ́ pé bí mo bá kí i, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń dáhùn. Àwọn onímárúwá tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń bi mí léèrè: "Baba Lọ́fà, ìlú òyìnbó ńkọ́? Ṣé ẹ ra nǹkan bọ̀ fún wa?" Ìyá tó ń ta búrẹ́dì sọ fún mi pé irú mi kì í jẹ búrẹ́dì òun, ó wá tà á fún mi. Mo jókòó, mo rò ó. Ọkùnrin tó kú, ó ti rí i. Ọkùnrin tó sá, mo ti fi hàn án. Èyí tó kù, kò sí nínú ìwé eré kankan.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọ bùbá funfun náà, mo gbé àpótí náà, gbogbo àdúgbò sì dá a mọ̀. Mo gbé e sọdá títì, mo gbé e kalẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Télọ̀, mo jókòó lé e. Mo jókòó títí ó fi kógbá wọlé. Mo padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ń sọ ìtàn ọ̀nì fún àwọn tó wá gba aṣọ; nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún tí mò ń jókòó níbẹ̀, bàtà méjèèjì ni ọ̀nì ń dá padà, ó ti fi pólíṣì kùn wọ́n. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, tó tún fi ikọ́ bò ó.

Lọ́jọ́ keje ìjókòó mi, Màmá Télọ̀ jáde pẹ̀lú téèpù.

"Ẹ dìde."

Mo dìde. Ó wọn ikùn mi.

"Ẹ ti sanra. Bùbá yẹn ti ń fún yín lára. Ẹ bọ́ ọ."

"Níbí?"

"Ṣebí ẹ fẹ́ kú nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀."

Mo bọ́ ọ lójú gbogbo èèyàn. Ó tú òwú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tún un rán, ó fi fífẹ̀ ìka méjì sílẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó jù ú sí mi.

"Mo ti fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ máa jẹun síbẹ̀."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wà á díẹ̀, ó dúró, kò gbójú sókè.

"Ẹ gbé àpótí yẹn wọlé. Òjò ń bọ̀."

Mo wo òkè. Kò sí ìkùukùu kan ní gbogbo ojú ọ̀run, láti Kirikiri títí dé ibi tí omi parí sí. Mo gbé e wọlé. Ní Wẹ́sídeè tó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì la jọ jókòó lé e lórí, à ń wo pásítọ̀. Ó ní wọn kò mọ ọrùn aṣọ pásítọ̀ náà gé.