Ẹ̀wà Rìsí Tí Mo Sọ Di Tèmi

Òórùn gọ́ọ̀mù ló lé mi dìde lórí àga ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń gbé lókè wa ló ń lẹ bàtà. Ìgbà tí mo dé yàrá ìjẹun, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni mo bá, wọ́n dojú dé tábìlì, wọ́n ń fi páálí ṣe ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje tí tíṣà rẹ̀ ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, wà lórí àga lọ́hùn-ún, ó ń tẹ fóònù. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ta gan-an ló wà ní kíláàsì kejì nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo òbí ló ń bá ọmọ wọn ṣe é. Tí a bá ní kó dá a ṣe, òdo ló máa gbà." Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo padà sórí àga mi ní fúláàtì wọn ní Àgùdà níbẹ̀, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ni inú mi ń bí sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Mushin ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ògiri kíláàsì wa ò ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí òjò bá ti ń bọ̀, gbogbo wa á sún mọ́ àárín bí ewúrẹ́. Àǹtí Fúnkẹ́ ló ń kọ́ wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í lè fara balẹ̀ jókòó. Lọ́jọ́ kan, a ń ké e lákèétúnké pé irúgbìn nílò omi, irúgbìn nílò afẹ́fẹ́, ó bá ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní àkọsórí yìí ti tó gẹ́ẹ́, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí nínú wa. Ó ní kí oníkálukú mú ẹ̀wà mẹ́ta, òwú díẹ̀ àti agolo mílíìkì kan wá láti ilé.

Ojú obìnrin yẹn rí màbo. Ọmọ kan gbé ẹ̀wà sísè wá pẹ̀lú epo lórí, ìyá rẹ̀ ní irú ilé ìwé wo ló ń gba ẹ̀wà tútù mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ. Òmíràn ti jẹ tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó kù ń béèrè ìgbà tí a máa sè é. Àǹtí Fúnkẹ́ káwọ́ lérí, ó ní, "Ta ló tiẹ̀ rán mi níṣẹ́?"

Èmi ni mo wá gbọ́n jù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, ọ̀ọ̀lẹ̀ ló ń tà níwájú ilé, ẹ̀yin ń pè é ní mọ́ínmọ́ín. Ní àràárọ̀ la máa ń bó ẹ̀wà tó ti rẹ sínú omi. Mo wo ẹ̀wà inú àpò, ó dọ̀tí, kòkòrò ti lu òmíràn. Mo wo ti inú abọ́ tí a ti bó, ó funfun, ó mọ́ tónítóní. Mo ṣa mẹ́ta níbẹ̀, mo ní tíṣà máa yìn mí.

Rìsí ló jókòó tì mí, ọmọ káfíńtà tí ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa. A jọ ń lọ ilé ìwé ni, a jọ ń bọ̀, ìyá mi kì í sì í fún mi ní ọ̀ọ̀lẹ̀ kó má fún un. Ẹ̀wà tirẹ̀ ní ojú ihò, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. A tẹ́ òwú sínú agolo, a wọ́n omi sí i, a fi ẹ̀kọ tútù lẹ bébà orúkọ wa mọ́ ọn lára, nítorí ẹ̀kọ ni gọ́ọ̀mù ayé ìgbà yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ti Rìsí ti ta gbòǹgbò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti yọ ewé méjì, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ ní kíláàsì. Tèmi ń yọ̀, ó ń rùn, eṣinṣin ń bà lé e.

Ǹ bá gbà pé tèmi kò hù, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé kéde pé àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé ọmọ tí ẹ̀wà rẹ̀ bá dára jù ló máa ṣàlàyé fún wọn. Mo sì ti parọ́ fún ìyá mi pé tèmi ló ga jù. Obìnrin náà gbà mí gbọ́, ó sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, ó fọ yunifọ́ọ̀mù mi, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èmi ni ìgbálẹ̀ kàn, mo sì dé kíláàsì ṣáájú gbogbo èèyàn. Omi ti rin bébà ara agolo, ó rọrùn láti ṣí. Mo fi orúkọ mi sára agolo Rìsí, mo fi tirẹ̀ sára tèmi.

Àwọn alábẹ̀wò dé. Mo ka tèmi bí ayékòótọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ìwé tuntun. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn, màmá kan tó wọ awò ojú, ṣe béèrè agolo tó ń rùn. Wọ́n ka orúkọ Rìsí. Àwa méjìdínláàádọ́ta la wà ní kíláàsì, Àǹtí Fúnkẹ́ ò lè dá agolo ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀. Rìsí bọ́ síwájú. Ó fi ọwọ́ lásán mú ẹ̀wà jíjẹrà náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Kò léèpo, Mà. Ojú tó fi ń hù náà ti bá èèpo lọ. Wọ́n ti bó o ni."

Màmá náà ní ọmọ yìí nìkan ló ṣe sáyẹ́ǹsì lónìí. Ó béèrè pé ta ló bó o. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bó ẹ̀wà láràárọ̀ ní àdúgbò wa. Rìsí wò mí. Ó ní, "Èmi ni, Mà. Mo rò pé á tètè hù." Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Àǹtí Fúnkẹ́ nà án ní pàṣán méjì látẹ́lẹwọ́, ó ní ó dójú ti òun.

Bí a ṣe ń lọ sílé, Rìsí ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mẹ́ta ni mo gbìn, ǹ bá fún ọ ní ọ̀kan." Mo ní mi ò mọ ohun tó ń sọ. Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Kí ọlidé tó tẹ̀ lé e tó parí, bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó kó wọn lọ. Mi ò tún fojú kàn án títí dòní.

Ilé ìwé yẹn ti di alájà mẹ́ta báyìí, wọ́n ní yàrá sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ ìfẹ́ máàkì ò tíì kúrò lára wa, ọmọdé àti àgbà, ẹnu wo ni mo sì fẹ́ fi bá ọmọ mi wí? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń bí mi nínú pé mi ò sọ ọ́ nígbà tó rọrùn, nígbà tí a jọ ń rìn lọ sílé. Rìsí, bóyá ẹnì kan á ka èyí sí ọ létí. Èmi ni mo pààrọ̀ bébà yẹn. O mọ̀, mo sì mọ̀ pé o mọ̀. Má bínú.