Ìwé Àṣẹ Páàkì Tí Ọkọ Mi Kò Fẹ́ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Tọrọ

Orúkọ gbogbo àwọn ará ilé iṣẹ́ ọkọ mi ló wà lórí mi digbí, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń ṣí géètì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí àwọn mìíràn ṣì wà láyé. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò sí mọ́. Oṣù karùn-ún rèé tí a sin ín. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí kò yé mi nígbà tó wà láàyè, kò sì tíì yé mi di ìsinsìnyí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ẹgbẹ́dá ni a ń gbé nígbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Owó epo rọ̀bì ti dé, wọ́n fi kún owó oṣù, ni gbogbo ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀. Ọkọ mi náà ra ìjàpá, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì yẹn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dára. Alùpùpù ló gbé e ṣubú lọ́nà Ìkòtún lọ́dún kejì tí a fẹ́ra. Egungun itan rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú. Wẹ́dà kan ní Ìkòtún ló bá a so irin mọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó lè máa fi ọwọ́ tì í.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù lápá Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ wá pọ̀ nínú ọgbà wọn títí tírélà kò fi rọ́nà wọlé mọ́, ni wọ́n bá ṣòfin. Àwọn ọ̀gá àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára nìkan ni yóò máa gbé ọkọ̀ wọlé, wọn yóò sì fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Àwọn yòókù á páàkì sí pápá kan lódìkejì títì, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Kí ọkọ mi tó rìn láti pápá dé sítọ̀, agogo á ti lù. Wọ́n ti fún un níwèé ìkìlọ̀ méjì. Tí ó bá di ẹ̀kẹta, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa bọ̀ nílé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára ni wọ́n wí, ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò sì dára. Ó gba fọ́ọ̀mù, wọ́n dá ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ní kí n lọ dàńṣíkí funfun àti kẹ́ńbẹ̀ rẹ̀. Ó wọ bàtà tí wọ́n fi awọ kún abẹ́ ẹyọ kan rẹ̀. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀. Mo bi í bóyá òde ìyàwó ló ń lọ, ó ní ènìyàn kì í lọ bá àjèjì bí alágbe.

Nírọ̀lẹ́ ó ròyìn fún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ ńkọ́, ó ní alihamudulilahi, ara le. Nọ́ọ̀sì ní ṣé ó ń dùn ún, ó ní kò sí ohun tí Ọlọ́run kò ṣe fún òun. Nọ́ọ̀sì ní ṣé ó lè rìn láti pápá, ó ní kí ló fẹ́ dá òun dúró. Bí a ṣe ń dáhùn náà nìyẹn, àbí? Ta ni wọ́n á kí, tí á máa ka àrùn? Èmi pàápàá ní ó ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé, òyìnbó tó le ni wọ́n fi kọ ọ́. Tíṣà kan tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa ló kà á fún wa. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ó ń rìn dáadáa, kò sí ibi tó ń dùn ún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó kọ̀wé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, wọ́n á tún un wò.

Ọkọ mi gba lẹ́tà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Wọ́n ní ara mi le. Tíṣà, ṣé wọ́n yìn mí ni àbí wọ́n bú mi?"

Tíṣà ní wọ́n gbà á gbọ́ ni.

Ó bá a kọ èsì lóyìnbó, ó sì túmọ̀ rẹ̀: aláàbọ̀ ara ni mí, n kò lè rìn jìnnà. Ni ọkọ mi bá gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní nílé àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sọ́dọ̀, ohun tí a bá pè ló ń dáni lóhùn. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó ní akọ̀wé ilé iṣẹ́ ni yóò ka ìwé náà, kì í ṣe málékà. Kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ ń lọ. Orí mi dàrú, nítorí ọkùnrin kan náà tí kò fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ òun kò dára ni mo ń fi omi gbígbóná jó lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́, tí yóò máa ké. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo ní kí tíṣà kọ ìlà kan péré: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi wò. Ìyẹn ló buwọ́ lù.

Èmi náà tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n ní kí n dúró síta, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn mẹ́ta ló jókòó: ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, dókítà kan tó ti dàgbà, àti nọ́ọ̀sì yẹn. Ọ̀gá ní kí ó rìn dé ojú fèrèsé kí ó sì padà. Ẹ wá wo ọkọ mi. Ó gbé àyà, ó ń rìn bí ológun, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Mo rí i tí ọ̀gá mú bírò.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má wo bó ṣe ń rìn níwájú yín. Èmi ni mo ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo ká kẹ́ńbẹ̀ rẹ̀ sókè dé itan.

Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó. "Ẹ má dá ìyàwó mi lóhùn. Bí ẹ̀fọn bá jẹ mí, á ní kìnnìún ni."

Ọ̀gá àti nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ itan náà lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi sì fi ìka di èjìká mi mú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya bùbá mi. Dókítà bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" Ọkọ mi fi orí tọ́ka sí mi. Ó ní, "Ẹ bi í."

Wọ́n fún un ní ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń wo ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n wọ ọkọ̀. Kò sọ ibi tí à ń lọ. Géètì ṣí, wọ́n kí i, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn sítọ̀ gan-an. Agogo kò tíì lù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún yí ojú padà sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn, ìyá ọmọ mi. Ó tì mí gan-an."

Ó ṣí sítọ̀, ó wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi dá wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ẹgbẹ́dá. Ṣé ó ń dúpẹ́ ni, àbí ó ń bá mi wí, tàbí ó kàn fẹ́ kí n mọ iye tó ná an? Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi náà kò bi í. Mo rò pé àyè ṣì wà.