Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ajá Gun Òṣùwọ̀n Kaṣú

Òórùn èso kaṣú tó ń kan nínú oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá ń súnmọ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń wọn kaṣú lẹ́yìn ìlú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ajá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Òun ló tọ́ ọ láti kékeré, tó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Nígbà tí ìyàwó mi jáde láyé, àwọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn lẹ́yìn fídáù, ó wá ku èmi àti ajá náà. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í pọ̀.

Ìyàwó mi ló máa ń fún un ní oògùn eégbọn àti ti aràn. Mi ò bi í rí bí ó ṣe ń ṣe é. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọdún kejì tí mo ti dá wà, eégbọn kún etí ajá náà bí ẹ̀wà. Mo rí ìgò oògùn kan lórí àjà, tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí a ní màlúù méjì. Mo ní ohun tó ran màlúù á ran ajá. Mo da ìdérí kan sínú omi ọbẹ̀, ó sì lá a tán.

Kí oòrùn tó kàtàrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń kọlu ògiri bí afọ́jú. Mo fi ẹ̀wù oko wé e, mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di Ṣakí lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ohun tí mò ń rò lójú ọ̀nà ni pé bí èyí bá kú, kò sí ẹ̀dá kankan tí yóò tún gbọ́ nínú ilé mi bí mo bá wúkọ́.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó yí ìgò náà wò.

“Bàbá, ta ló wọn èyí fún yín?”

“Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n.”

“Ojú ò ní nọ́ńbà, Bàbá.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa omi sí i lára kó tó gbé orí. Nígbà tí mò ń lọ, dókítà ní, “Oògùn ajá ni kẹ́ ẹ fún ajá. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló máa sọ iye tó máa lò. Tó bá lókun, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó wá gba oògùn. Kó sì jẹun kó tó gbé e mì.”

Níbo ni mo ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n ajá? Mo mú un lọ sí àtíbàbà kaṣú. Ìyá tó ń wọn kaṣú bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ràfíù, irú kaṣú wo rèé tó nírù?”

Ajá kọ̀, kò dúró lórí irin. Ìyá náà ní kí n kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n lémi nìkan, lẹ́yìn náà kí n gbé ajá, ká wá yọ tèmi kúrò. Mo gùn ún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Ẹ̀yin tí Ìyá Ràfíù fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí irin yìí pé ẹ ti ń di àpò kaṣú?”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ajá. Lọ́jọ́ Ṣakí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mo gbé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù mọ́ tèmi.

“Mẹ́tàléláàádọ́rin. Ajá jẹ́ mẹ́rìndínlógún.” Ó tún nọ́ńbà náà wò. “Ẹ ò rí i? Iye tí ẹ̀yin nìkan wọ̀n nígbà ayé Ìyá Ràfíù nìyí.”

Mo délé, mo pààrọ̀ aṣọ kí n tó kírun, ó sì pẹ́ kí n tó dìde lórí ẹní.

Nígbà tí mo gba oògùn náà dé, mo dáná láàárọ̀. Ó ti pẹ́ tí gàárì tútù ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ mi, ṣùgbọ́n ajá gbọ́dọ̀ jẹun, ènìyàn kò sì lè máa se iṣu fún ajá nìkan. Mo bu tirẹ̀, mo bu tèmi. Mo fi oògùn sínú ẹja, mo dúró tì í títí ó fi gbé e mì, mo sì jókòó tì í kó má lọ bì í. Mo fi èédú sàmì ọjọ́ náà sára ògiri. Bí a ṣe ń ṣe é lóṣooṣù nìyẹn, títí kan lílọ sórí òṣùwọ̀n.

Ní oṣù kẹta, ìyá náà ní ajá ò kúrò lójú kan, àmọ́ èmi ti fi kílò méjì wúwo sí i. Títí di ọjọ́ náà, mo rò pé ajá nìkan ni mò ń gbé lọ wọ̀n.