Ọjọ́ Tí Omi Bo Kòtò Amọ̀

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni pé kí n mọ ohun tí omi máa bò kí omi tó bò ó. Ìjọba fẹ́ sé odò kan lẹ́yìn àwọn òkè Àbújá, kí ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ lè rí omi mu. Àwọn ẹnjiníà ló ń ṣírò bí dáàmù náà ṣe máa ga tó. Ti ọ́fíìsì tiwa ni ká máa rìn kiri orí ilẹ̀ tí omi máa tẹ́ sí, ká wo ohun tó wà níbẹ̀: ilé, oko, igi eléso, ibojì, ojúbọ, ibi tí màlúù ti ń mumi. Ká wá sọ èyí tí wọ́n lè kó lọ, èyí tí wọ́n máa san owó gbà-máà-bínú lé lórí, àti èyí tí a kàn máa ya fọ́tò rẹ̀ kó tó pòórá.

Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Yàrá kan ni mo gbà ní Nyanya, a sì ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti garawa kiri. Ọkọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń wá gbé mi láàárọ̀. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà, ọmọ Ìlọrin, ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa débi pé ó ní Hausa lòun fi ń lá àlá. Òun ló ń túmọ̀ fún mi, torí àwọn Gbàgyí tó ni abúlé tí à ń lọ gbọ́ Hausa dáadáa, èmi ò sì gbọ́ ju sànnu tí wọ́n fi ń kíni àti yauwa tí wọ́n fi ń dáhùn lọ.

Ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń mọ ìkòkò. Kò sí ilé tí mo wọ̀ lágbègbè yẹn tí mi ò ti bá ìkòkò wọn, ti omi, ti ọtí, ti ọbẹ̀. Wọ́n á gbé e lé èjìká, nítorí àwọn obìnrin wọn kì í ru ẹrù lórí bíi tiwa, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà títí dé ọ̀nà Abaji. Ìyá àgbà kan ni olórí wọn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ òsì ti funfun, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn ṣáájú wa nínú igbó, àwa la ó máa sáré tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ tí mo rò pé a ti parí iṣẹ́ ní abúlé wọn, ìyá náà fà mí lọ́wọ́ lọ sí etí odò. Kòtò ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti dán gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Amọ̀ inú rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ìyá náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá awakọ̀ gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí mi.

“Madáàmù, ó ní ẹ ti ka igi máńgòrò, ẹ ti ka ibojì, ẹ ti ka gbogbo adìẹ tán. Kòtò yìí ńkọ́?”

Mo ní kó sọ fún un pé kòtò kò sí lára ohun tí ìjọba ń sanwó lé lórí.

Ìyá náà mi orí. Bàbá awakọ̀ tún túmọ̀: “Ó lóun ò béèrè owó. Ó ní níbi tí ẹ fẹ́ kó àwọn lọ yẹn, kí làwọn máa fi mọ ìkòkò?”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ ló kún ọrùn rẹ̀, tí àwọn ọ̀gá ìjọba, tí wọ́n ṣì wà ní Èkó nígbà náà, sì ń pè é lójoojúmọ́ pé nígbà wo ni abúlé máa ṣí. “Amọ̀? Nínú Àbújá yìí, ibo lo ti fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ tí o ò ní tẹ amọ̀?” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká dán an wò. Ó ní, “Dán an wò. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìkòkò dá iṣẹ́ dáàmù dúró fún mi o.”

A dán an wò. Ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ la ti kọ́kọ́ gbẹ́, lẹ́yìn ilé páànù tí wọ́n tò bí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn obìnrin náà mọ ìkòkò láti ara amọ̀ ibẹ̀, wọ́n sá a, wọ́n kó o jọ, wọ́n fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n ṣáná sí i. A jókòó jìnnà díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi bẹ́, tó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, òmíràn bẹ́, òmíràn tún bẹ́. Nígbà tí iná rọlẹ̀, àpáàdì la bá.

Bàbá awakọ̀ dábàá apá Abaji, pé òun ti rí àwọn tó ń gbẹ́ amọ̀ létí ọ̀nà níbẹ̀. A lọ, a kó o sínú àpò, ọkọ̀ wa tẹ̀ sẹ́yìn bí aláboyún tó jókòó. Ìkòkò amọ̀ Abaji kò bẹ́ nínú iná. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kò pàtẹ́wọ́. Ó bu omi kún ọ̀kan, ó gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó bu ẹ̀pà fún wa. Kí á tó jẹ ẹ̀pà náà tán, omi ti ń jò jáde, ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò ti tutù yíká. Ó wò mí. Ojú tó fi wò mí kì í ṣe ti ìbínú. Bí ẹni tí aláìsàn rẹ̀ ti lọ sí ilé ìwòsàn kejì, tí wọn ò tún gbà á, ni.

Ó ní a lè gbìyànjú kí a po amọ̀ Abaji mọ́ tiwọn díẹ̀díẹ̀, bóyá ó máa gba omi dúró. Ṣùgbọ́n ìyẹn á gba àkókò, kí wọ́n mọ ọ́n, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n tún un ṣe. A ṣì wà lórí èyí tí òjò ọdún náà fi tètè dé. Bàbá awakọ̀ ló gbé ìròyìn wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì pa ọkọ̀ tó fi ń sọ ọ́: wọ́n fẹ́ ti ojú odò pa, kí omi lè bẹ̀rẹ̀ sí gbára jọ.

Ọ̀gá mi ti lọ sí Èkó. Mo gba ọ̀dọ̀ òyìnbó ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ dáàmù lọ fúnra mi. Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní tí àwọn ò bá gba omi òjò ọdún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀, ìlú ò sì ní rí omi mu. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún mínísítà?” Mo jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ katapílà ni mo lọ dúró sí tí mo ti sunkún, kí àwọn ọkùnrin má bàa rí mi.

Ibẹ̀ ni fóòmáànù àwọn onítípà bá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkùnrin sísanra tó máa ń fi òwú sétí nítorí ariwo. Ó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó bi mí léèrè ohun tó ṣe mí. Mo rò ó fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní típà,” mo ní. “Ẹ jẹ́ ká kó ìwọ̀nba tá a bá lè kó.”

“Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́ ni?”

“Mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀.”

Ó yọ òwú etí rẹ̀ kan, ó wò ó bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, òyìnbó máa ń wọ ìlú. Òun máa wa ọ̀kan wá fúnra òun. Tí wọ́n bá bi òun, òun ò mọ̀ mí rí.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, gbogbo obìnrin abúlé ló wà nínú kòtò. Omi ti kúrò lójú odò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ inú koríko. Kò pariwo. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn: ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbẹ́ amọ̀, á gbórí sókè, omi á ti sún mọ́ ọn. A gbẹ́ pẹ̀lú ọkọ́, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, pẹ̀lú ọwọ́. Àwọn obìnrin ń gbé igbá amọ̀ lé èjìká, wọ́n ń sáré lọ dà á sínú típà. Bàbá awakọ̀, tó ti dàgbà, tó ń wọ fìlà funfun tí kì í fẹ́ kí nǹkan kan án, ni mo rí tí amọ̀ ti bò dé ọrùn.

Típà kún, ó lọ, ó lọ dà á síbi ilé páànù, ó padà. Nígbà tó fi kún lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ ti rọ̀. Ó gbéra, táyà ẹ̀yìn yí, ó yí, ó sì rì. A wá igi sábẹ́ rẹ̀. A tì í. Táyà ń ta ẹrẹ̀ sí wa lójú, ọkọ̀ ò kúrò. Omi ti dé ibi tí a dúró sí.

Fóòmáànù sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. “Tí omi bá gbé ọkọ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ,” ó ní. “Mo níyàwó, mo lọ́mọ. Àbúrò, mo máa ní láti dà á nù.”

Mo mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo tún bi í pé kí ló fẹ́ dà nù. Ó gun orí ọkọ̀, ó gbé ẹ̀yìn típà sókè, gbogbo amọ̀ tí àwọn obìnrin yẹn ti fi èjìká gbé sì ya lulẹ̀ sínú omi. Ọkọ̀ fúyẹ́, a tì í, ó jáde.

Àwọn obìnrin dúró, wọ́n ń wò. Ìyá àgbà nìkan ni kò dúró. Ó padà sínú kòtò. Omi ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ń tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa amọ̀ lábẹ́ omi, ó ń gbé e sí àyà rẹ̀ bí ọmọ, omi sì ń fọ̀ ọ́ lọ kó tó gbórí sókè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń pè é láti òkè. Kò gbọ́. Mo bọ́ sómi. Mo dì í mú látẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gbá mi lójú. Mi ò tú u sílẹ̀. Ó tún gbá mi. Lẹ́yìn náà gbogbo ara rẹ̀ dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí aṣọ, mo fà á jáde. Ó ń sọ ohun kan ní èdè Gbàgyí, ohun kan náà ló ń tún sọ. Mo bi Bàbá awakọ̀ pé kí ló wí, ó ní òun ò gbọ́ Gbàgyí. Mo ní kó fi Hausa bi ọmọ ìyá náà. Obìnrin náà gbọ́, ó mójú kúrò.

Amọ̀ típà kan ni wọ́n bá dé ibùgbé tuntun. A fi tápólì bò ó. Ìkòkò kéékèèké ni wọ́n ń fi mọ, kó lè pẹ́. Wọ́n po ti Abaji mọ́ ọn, ó gba omi dúró díẹ̀, kì í ṣe dáadáa. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkòkò padà. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ó ti kù díẹ̀ lábẹ́ tápólì. Nígbà tó tán, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọn ń gbé igi ìdáná léjìká lọ tà fún àwọn òṣìṣẹ́.

Wọ́n lé fóòmáànù. Ẹnì kan ló lọ sọ. Mo bá òyìnbó náà sọ̀rọ̀, mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, mo ní èmi ni kí wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní kì í ṣe èmi ni mo wa ọkọ̀. Nígbà tí mo fi dé ibùdó wọn, ó ti kẹ́rù rẹ̀ gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mi ò rí i mọ́. Ọ̀gá mi jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ amọ̀ kún ìwé àbọ̀ wa, pé níbòmíràn tí wọ́n bá tún fẹ́ sé odò, kí wọ́n máa wo irú nǹkan báyìí. Mi ò lè sọ bóyá ẹnì kankan kà á.

Mo lọ kí ìyá náà lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kò sí nílé, pé létí omi ló máa ń wà. Mo bá a níbẹ̀, ó jókòó sórí àpáta. Omi ti fà díẹ̀, ẹrẹ̀ pupa hàn yíká etí rẹ̀. Bàbá awakọ̀ kí i, ó dáhùn. Ó nawọ́ sí inú omi, ó sọ̀rọ̀.

“Ó ní òun rí i pé ó ń fà,” Bàbá awakọ̀ túmọ̀. “Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn wo ló máa fà dé ibi kòtò?”

Ibi kòtò yẹn wà lára ibi tó jìn jù nínú omi náà. Èmi fúnra mi ti rí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Mo wo Bàbá awakọ̀, òun náà ń wò mí. Ó rọra ní, “Madáàmù, kí ni kí n wí?”

“Ẹ sọ fún un pé kò ní fà dé ibẹ̀.”

Ó sọ ọ́. Ìyá náà ní, “Yauwa,” bí ìgbà tí ènìyàn dáhùn ìkíni. Kò dìde. Nígbà tó yá, mo jókòó tì í, Bàbá awakọ̀ sì lọ dúró nídìí ọkọ̀.