Ọkọ̀ Oníná Tí Hannia Fẹ́ Rà

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Hannia, orí òkè Barva sì ni ọ̀pọ̀ àwọn aláboyún rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó fẹ́ ra àlòkù ọkọ̀ oníná, a lọ sílé Abdenago tó ń ta ọ̀kan, lókè téńté. Ọkùnrin náà ní ká jọ wà á wò dé ìsàlẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, dípò kí iná bátìrì dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

"Ẹ ò rí nǹkan!" Abdenago ń fọ́nnu. "Ọkọ̀ yìí ń bọ́ ara ẹ̀!"

Inú mi dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè rà á!"

"Panu mọ́ jàre. Èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀? Bó ṣe ń gòkè ni kí n rí."

Hannia yí ọkọ̀ padà, ó dorí rẹ̀ kọ òkè. Iná bátìrì ń lọ sílẹ̀ bí omi inú garawa tó jò. Òógùn bo Abdenago.

"Ìyáàfin, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Ṣé kì í ṣe ilé yín là ń lọ ni?"

Òrùlé ilé rẹ̀ la ń wò lọ́ọ̀ọ́kán tí ọkọ̀ fi kú. Hannia fa bíréèkì.

"Ṣebí ẹ rí i pé ó dáa tó bá ń sọ̀kalẹ̀," Abdenago ń bẹ̀bẹ̀.

Hannia fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. "Tí ìyàwó ọmọ yín bá ń rọbí lókè yìí, ṣé kí n ní kó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi ni?"