Àwo Tánńganran Tó Kọ́ Wọn ní Pàsì

Ẹni tó bá ní òun dé ọjà Siporex ní Abidjan tí kò mọ Sàlíhà, kó padà lọ béèrè ọ̀nà, kò tíì dé Siporex. Ọmọ Ìgbòho ni. Àwo tánńganran ló ń tà: àwo pẹrẹsẹ, àwo ọbẹ̀, ife tíì olódòdó pupa. Bó bá to àwo léra, àjà ìsọ̀ ni yóò bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nídìí ọjà yìí, ẹyọ kan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òfin ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fọ́ ọ, òun ló rà á.

Obìnrin yìí ló gba ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn oníṣòwò Yorùbá mọ́ ọkùnrin lọ́wọ́.

Máràkáná ni wọ́n ń gbá, bọ́ọ̀lù àgbàlagbà: ènìyàn mẹ́fà lápá kan, kò sí aṣọ́lé, ẹnu gọ́ọ̀lù kò sì fẹ̀ ju ẹnu ilé adìyẹ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹgbẹ́ àdúgbò Treichville fi ń lù wọ́n bí ẹni ń lu aṣọ aró kó lè dán. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ Adélànà, ẹni tó ń ta taya, ibi tó wà náà ni yóò ti gbá a, ojú ọ̀run ni yóò sì gbà lọ.

Níjọ́ ìpàdé, Sàlíhà dìde. "Bàbá Pẹrẹsidáǹ, ẹ fún mi ní ẹgbẹ́ yìí. Bí Treichville bá tún nà wá lọ́dún yìí, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ mi létí pápá mọ́ láéláé."

Bàbá Màmúdù, olórí ẹgbẹ́, fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Sàlíhà, ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́ o."

"Ẹnu mi náà ni, Bàbá. N ò yá a."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọjà tó ṣí, ó kó ogójì àwo lọ sórí iyanrìn pápá, ó fi wọ́n sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ó ní kí ènìyàn márùn-ún máa ta bọ́ọ̀lù síra wọn nínú rẹ̀, kí ẹnìkan ṣoṣo máa sá tẹ̀ lé e láàárín. Tóró ni wọ́n ń pè é níbí.

"Ẹ má gbá a sókè, ẹ má gbá a líle. Ẹ gbé e fún ara yín bí ẹni gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún àna. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá fọ́ àwo, òun ló rà á."

Àwo méje ni Adélànà rà níjọ́ àkọ́kọ́. Bó ṣe kó àfọ́kù wọlé, Mouniratou ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ọkọ mi, àlejò mélòó lẹ ń retí?" Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí kí i.

Jọláolúwa, ẹni tó ń ta bàtà, tí wọ́n bí sí Abidjan, kò lè pa á mọ́ra. "Táńtì, c'est comment? Báwo lèyí ṣe jẹ́? Pàsì lónìí, pàsì lọ́la! Ìgbà wo la máa gbá a wọlé?"

"Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ta ní í forí kan ilẹ̀kùn tó wà ní títì?"

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwo kan kò fọ́ mọ́. Sàlíhà sún àwọn àwo náà mọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bọ́ọ̀lù ń gba àárín ife méjì kọjá, tíì inú wọn kò sì mì.

Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje ọdún náà pé, ní pápá Williamsville. Treichville ló kọ́kọ́ jẹ gọ́ọ̀lù; Jọláolúwa dá a padà. Ọ̀kan sí ọ̀kan, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bàbá Màmúdù sáré wá, fìlà rẹ̀ ti yí sẹ́yìn. "Sàlíhà, ní kí wọ́n gbá a! Ní kí wọ́n gbá a, jọ̀ọ́!"

Sàlíhà fa àwo kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sókè gẹngẹ.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí i. Ni pàsì bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, ọ̀tún. Nígbà tí pàsì pé mẹ́wàá, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lédè Faransé: "Dix! Onze! Douze!" Ará Treichville ń sá kiri bí ẹni adìyẹ já mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀kan jókòó sórí koríko, ó ní bí wọ́n bá parí, kí wọ́n jí òun. "Vingt-cinq!" Ó di márùndínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Adélànà. Ojú ọ̀nà là díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń yún un, gbogbo ará ilé ń pariwo, "Gbá a! Gbá a!" Ó wo àwo tó wà lókè. Ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún àna: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sọ́dọ̀ Jọláolúwa lẹ́nu gọ́ọ̀lù. Ìyẹn tì í wọlé bí ẹni ti ọmọ sí ilé ìwé.

Fèrè dún. Bàbá Màmúdù jó títí fìlà fi bọ́. "Sàlíhà, ìwọ ló ni wọ́n! Títí ayé!"

Lọ́jọ́ Ajé, ẹnìkan dúró síwájú ìsọ̀ Sàlíhà, ó ń wolẹ̀. Balógun ẹgbẹ́ Treichville ni.

"Táńtì, ogójì àwo ni mo fẹ́."

"Ogójì? Àlejò mélòó lẹ ń retí?"

Ẹ̀rín ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ìsọ̀. Sàlíhà kó o fún un pé pérépéré, ó tún fi ife méjì ṣe èènì. Àwo ló rà lọ o. Ẹni tó ń fi í kọ́ni ṣì wà ní Siporex.